Fìlà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Dé

Bí mo bá gbóòórùn òróró máṣíìnì tó ti gbóná, tó dà pọ̀ mọ́ ti aṣọ tuntun lábẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú, ibi yòówù kí n wà, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi lẹ́bàá Ọjà Ọba l'Ọ́wọ̀ ni ọkàn mi máa ń sá lọ. Ó yẹ kí òórùn yẹn máa dùn mọ́ mi, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ máa ń gbé wá. Màá wo ẹnu ọ̀nà, màá sì tún rí i bí ẹni pé àná ni: ẹ́kìsì pupa tí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù fi ọ̀dà kọ sára ògiri wa, tó tóbi ju orí ènìyàn lọ, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣàn wálẹ̀ kó tó gbẹ.

O ti kúrò nílé nígbà yẹn, o ò mọ bó ṣe rí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ ọ̀nà, pé ilé tí àmì yẹn bá wà lára rẹ̀, àwọn máa wó o. Wọ́n kọ ọ́ sára tiwa àti ti àwọn aládùúgbò wa, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n gun ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Bàbá mi ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn kí wọ́n tó bí mi. Níbẹ̀ ló ti rán aṣọ ìyàwó ìyá mi, níbẹ̀ ló ti gbọ́ ikú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, nítorí náà èmi ni mò ń ránṣọ, òun ń lọ̀ ọ́, òun ló sì ń bá àwọn oníbàárà tàkúrọ̀sọ. Ọjọ́ tí wọ́n kọ nǹkan yẹn, ó fi ọwọ́ kan ọ̀dà náà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, "Bí katapílà bá fẹ́ wọlé, kó wá bá mi lórí àga mi." O mọ bàbá mi. Kì í ṣe ẹni tó ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ ìró ẹnjíìnì ńlá lójú títì, ọwọ́ mi á fò kúrò lára aṣọ.

Ọdún ìbò alága káńsù ni. Ọ̀sẹ̀ kejì sí ìgbà tí wọ́n kọ ẹ́kìsì náà, olórí ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ńlá wọlé tọ̀ wá wá pẹ̀lú ìdì aṣọ lórí ọ̀kadà. Ọmọ àdúgbò kejì ni, ẹni tó dàgbà jù mí lọ díẹ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí jàǹdùkú kó tó di olóṣèlú. Ó kí bàbá mi dáadáa. Ó ní Ọ̀gá fẹ́ fìlà irinwó, gọ̀bì, aláwọ̀ ẹgbẹ́, fún ìpàdé ńlá tí wọ́n máa ṣe. Ọ̀gá yìí ni ẹni tí ẹgbẹ́ gbé kalẹ̀ fún ìbò náà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n ti bí i, Àbújá ló ti ṣiṣẹ́, ọdún tó ṣáájú ni ó kọ́lé sílùú. Olórí ọ̀dọ́ fi àgbọ̀n júwe ògiri wa, ó ní, "Bí iṣẹ́ yìí bá dára, Bàbá, a ó pa nǹkan yẹn rẹ́."

Bàbá mi béèrè ọjọ́ ìpàdé. Ó sọ ọ́. Bàbá mi gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ.

"Ìgogo á ti wọlé."

Olórí ọ̀dọ́ họ orí. "Mo mọ̀, Bàbá. Àwọn tó wà ní Àkúrẹ́ ló mú ọjọ́."

"Ẹ sọ fún Ọ̀gá yín nígbà náà."

"Háà! Ta ló máa sọ ọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ lo máa gbé fìlà lọ, àbúrò. Bá wa fọgbọ́n sọ ọ́. Obìnrin ni ọ́, kò ní bú ọ."

Ẹ gbà mí! Gbogbo ọkùnrin tó ń jẹun nílé rẹ̀, tó ń gun ọkọ̀ rẹ̀, èmi aránṣọ ni wọ́n fẹ́ tì síwájú. Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílé wa. Bí ọdún Ìgogo bá ti bẹ̀rẹ̀, a kì í lu ìlù, a kì í yìnbọn, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè nínú ìlú títí ọdún á fi parí. Onígbàgbọ́ ni ọ́ o, Mùsùlùmí ni ọ́ o, ọ̀rọ̀ ìlú ni. Bàbá mi fúnra rẹ̀ á ká fìlà rẹ̀ sápò agbádá, á rin ọ̀nà mọ́ṣáláṣí láìdé nǹkan kan, ó di ìgbà tó bá wọ inú mọ́ṣáláṣí kó tó fi sórí. Fìlà irinwó fún ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó máa dé fìlà! Mo rán an ṣá. Ẹ́kìsì wà lára ògiri, mo rán an.

Kí n tó sọ bí mo ṣe gbé e lọ, ó yẹ kí n sọ nǹkan tí mo fi pamọ́ fún bàbá mi. Mo ti ní ẹlòmíràn lọ́kàn fún ìbò náà. Aláìdéfìlà ni gbogbo ayé ń pè é. Awakọ̀ lọ́rì pákó ni, láti apá Arimogija. Ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, ó gbé e síwájú lọ́rì, ó ń gbé e bọ̀ l'Ọ́wọ̀, ẹrẹ̀ gbé ọkọ̀ mì lójú ọ̀nà, obìnrin náà kú sórí ìjókòó níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn kò dé fìlà mọ́, ó ní òun ò ní dé e títí wọn yóò fi ṣe ọ̀nà náà. Kò lówó, kò ní bàbá ìsàlẹ̀, ẹgbẹ́ tó gbà á wọlé kò ní ọ́fíìsì. Àmì ẹgbẹ́ náà lórí ìwé, bàbá mi ní ṣíbí ni, èmi ní kọ́kọ́rọ́ ni.

Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Mo gbé aṣọ ilé ìwé lọ fún oníbàárà mi kan, òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà gba gbogbo ibẹ̀ kan, mo rí èrò, mo dúró. Ó dúró lẹ́yìn lọ́rì rẹ̀, lórí pákó, ó ń làágùn. Ó ní, "Wọ́n á fún yín ní fìlà. Ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n orí tó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣé wọ́n bi yín léèrè bó ṣe ń fọ́ yín?" Ó ní ọ̀nà Arimogija, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n, tẹ́ẹ̀pù ti já mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbóhùn sókè: "Olè ni wọ́n! Mo ní olè ni wọ́n!" Ó wá dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó ka nọ́ńbà lọ́rì rẹ̀ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa wá mú.

Ọ̀rẹ́ mi, mo sunkún. Bí o bá ní kí n sọ ohun kan ṣoṣo tó ṣèlérí lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ. Kì í ṣe ìlérí ló mú wa dúró. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ sínú ìrọ̀rí mi, tí bàbá mi máa ń sọ nígbà tó bá rò pé mi ò sí nítòsí, ọkùnrin kan dúró lórí pákó lọ́sàn-án gangan, ó ń pariwo rẹ̀, ilẹ̀ kò sì là kó gbé e mì. Ó bá wa bínú. Ara mi fúyẹ́. Mo pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi ń ta mí. Ìgbà náà ni mo rí ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó gbé fóònù sókè, kò dojú rẹ̀ kọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àwa ló ń yà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó fa ìborùn bojú. Lórí ọ̀kadà tí mo gùn padà sílé, mo ń bi ara mi pé kí ló gbé mi débẹ̀, èmi tí ẹ́kìsì wà lára ògiri wa.

Ọjọ́ tí mo gbé fìlà lọ sílé Ọ̀gá, olórí ọ̀dọ́ ló mú mi wọlé. Ẹ̀rọ amúlétutù ti sọ yàrá náà di òtútù bí ilé ìtọ́jú òkú. Bàbá arúgbó kan, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn, dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀, irun rẹ̀ funfun ju ti bàbá mi lọ, Ọ̀gá dúró lé e lórí, ó ń jágbe: "Ẹ ti ń tàn mí jẹ jù! Òótọ́ ni mo fẹ́! Kí ẹ máa sọ òótọ́ fún mi!" Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé òótọ́ ni bàbá náà sọ. Ó sọ fún un pé àwọn ará àdúgbò Ìdásẹn kò ní dìbò fún ẹgbẹ́ lọ́dún yìí.

Ọ̀gá yíjú, ó rí mi, ojú rẹ̀ sì yí padà pátápátá. Ó mú fìlà kan nínú àpò, ó dé e, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó ní mo mọ iṣẹ́. Ó tilẹ̀ béèrè àlàáfíà bàbá mi. Mo la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti ilé, pé Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún ọjọ́ yín síwájú, nǹkan ìlú ni, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Bàbá náà ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́.

"Ṣé wọ́n á dé e?" Ọ̀gá béèrè.

Mo wo olórí ọ̀dọ́. Ó ń wo ilẹ̀.

"Wọ́n á dé e, sà," mo ní.

Irọ́ yẹn ni mo gbé jáde, tí mo sì gbé sùn lálaalẹ́ títí ọjọ́ ìpàdé fi pé.

Pápá ilé ìwé kan ni wọ́n lò. Wọ́n pín fìlà náà, kò sí ẹni tó kọ̀ ọ́, ta ló máa kọ ọ̀fẹ́? Ṣùgbọ́n o yẹ kí o rí ohun tí àwọn èèyàn ń fi í ṣe. Àwọn obìnrin ń kó o sínú ọ̀rá. Àwọn ọkùnrin ń kì í bọ àpò ẹ̀yìn, wọ́n ń há a sábíyá, wọ́n ń fi í fẹ́ ara wọn. Bàbá àgbà kan fi tirẹ̀ gba ẹ̀pà lọ́wọ́ ẹlẹ́pà. Àwọn eléré tí wọ́n háyà láti Ìbàdàn ti gbé ìlù kalẹ̀, àwọn àgbà méjì kan lọ bá wọn jẹ́jẹ́, wọ́n sì tún un gbé sínú ọkọ̀. Bí pápá ńlá yẹn ṣe dákẹ́ nìyẹn. Oòrùn ń dán lára àwọn orí tí kò dé fìlà, lọ títí dé ìdí ògiri. Láti ọ̀nà jíjìn, níhà ààfin, a ń gbọ́ ìró agogo. Lórí pèpéle, Ọ̀gá àti àwọn àlejò rẹ̀ láti Àkúrẹ́ nìkan ló dé fìlà mi.

Ó gba máìkì. "Fìlà yín dà?"

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó tún béèrè. Ọ̀rẹ́ mi, ẹnikẹ́ni nínú wa ni ìbá sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni, "Ìgogo ni sà," ó tán. Bàbá àgbà ẹlẹ́pà ì bá sọ ọ́, olórí ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́yìn àga rẹ̀ gan-an ì bá sọ ọ́ sí i létí. Gbogbo wa ń wo ara wa. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti ń fọ́, ni ẹnìkan bá pariwo láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún: "Aláìdéfìlà!" Mo rò pé ẹni náà ń ṣe àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín gba pápá náà bí iná ọyẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe orúkọ yẹn, àwọn tí kò tilẹ̀ ní í lọ́kàn ń kígbe rẹ̀. Mo rí ojú Ọ̀gá. Mo rò pé ìbínú ni mo rí nígbà náà. Mo sá kúrò níbẹ̀, mi ò dúró gba ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń pín.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wá. Àwọn mẹ́ta ni, olórí ọ̀dọ́ ló ṣíwájú. Wọn ò kí bàbá mi. Ọ̀kan ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í, inú ṣọ́ọ̀bù sì ṣókùnkùn lójijì. Olórí ọ̀dọ́ na fóònù sí mi lójú: èmi rèé, ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ẹnu mi là, ọwọ́ mi wà lókè, mò ń pàtẹ́wọ́ fún Aláìdéfìlà.

"Ìwọ lo sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má dé e."

"Mi ò sọ ọ́ o! Bọ̀dá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni."

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyí, kí o gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú fóònù, òótọ́ ni. Mi ò ṣe é, àmọ́ ọkàn mi ì bá fẹ́ ṣe é, mo sì rò pé wọ́n rí i lójú mi. Bàbá mi ń fi ọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀, ó ń bi mí pé, "Àwòrán wo ló wà nínú fóònù? Kí ni wọ́n ń fi hàn ọ́?" Ìgbà tí mo gbé ojú sókè láti bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ni mo rí orí wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó dé fìlà nínú wọn.

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Mo ní, "Ẹ̀yin náà, fìlà yín dà?"

Ọwọ́ olórí ọ̀dọ́ lọ sí orí ara rẹ̀. Ó gbé e síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn wo ibòmíràn. Nígbà tí olórí ọ̀dọ́ máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó fi èdè Ọ̀wọ̀ wa sọ ọ́, ó ní, "Ọ̀gá bi wá léèrè lánàá. Ó ní ta ló ṣe é. Bí kì í bá ṣe ìwọ, àwa ni." Ó ní, "Ìwọ náà kọ́ lo sọ fún un pé wọ́n á dé e?" Wọ́n tú orí máṣíìnì bàbá mi kúrò lórí tábìlì rẹ̀, wọ́n gbé e jáde kí ó lè jẹ́ pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n máa gbé dé ilé. Lẹ́nu ọ̀nà, olórí ọ̀dọ́ ní katapílà ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ náà. Ìròyìn kì í pẹ́ l'Ọ́wọ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, lọ́rì pákó ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, èrò sì ti kún títì. Aláìdéfìlà nìkan ló wọlé, òórùn igi tútù wà lára rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi. Ọ̀rẹ́ mi, inú mi dùn. Mo ní olùgbàlà dé. Mo sáré bá a, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa sọ fún wọn pé Ìgogo ni. Ẹ̀yin ni ẹ lè sọ ọ́. Bí Ọ̀gá bá gbọ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bóyá á fi wá sílẹ̀."

Ó wò mí tàánú-tàánú. "Mo mọ̀ pé Ìgogo ni, àbúrò. Ọmọ ibí ni mí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó ń ràn wá lọ́wọ́."

"Ṣọ́ọ̀bù wa ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá wó o, gbogbo ayé á rí irú èèyàn tí wọ́n jẹ́."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju àwọn mẹ́ta àárọ̀ lọ. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká bí ẹ̀gbọ́n, ó gbà tọkàntọkàn pé ohun tó dára ni. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó jáde, ó gun ẹ̀yìn lọ́rì, ó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ rí i! Gbogbo Ọ̀wọ̀ bọ́ fìlà wọn dànù! Ọmọbìnrin aránṣọ yìí ló kọ́kọ́ kọ̀!" Wọ́n ń hó. Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá mi jókòó sórí àga rẹ̀, ó na ọwọ́ sórí tábìlì máṣíìnì, ó ń fi ìka wá ibi tí orí máṣíìnì máa ń wà, ó ń fi ìka yí etí ihò náà ká.

Ni mo bá pariwo. Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀, ó fọ́, ó dún bí ti ewúrẹ́. "Ìgogo ni! Ìgogo ló bọ́ fìlà lórí wa, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ẹ̀yin! Gbogbo yín mọ̀! Èmi náà mọ̀, mo sì purọ́ fún Ọ̀gá pé a ó dé e, torí ẹ̀rù ń bà mí!" Mo rí fóònù lókè, mo rí ojú àwọn aládùúgbò wa, mo fẹ́ kí ilẹ̀ là. Aláìdéfìlà wò mí látòkè fún ìgbà tó gùn. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Ìgogo ni." Ǹjẹ́ o mọ ohun tí èrò ṣe? Wọ́n hó fún un ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ẹ wo olóòótọ́ èèyàn. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ojú tì í ni, tàbí ó ti rí i pé òótọ́ pàápàá á ṣiṣẹ́ fún òun.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá mi wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ó ká fìlà rẹ̀ sápò. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. A ò rí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń hó. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dìde, ó ní kí n lọ sílé bí ó bá wù mí. Gbogbo ẹnjíìnì tó kọjá, mo máa ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Nígbà tí ọ̀kan wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, mo di ojú.

Ọ̀kadà ni. Olórí ọ̀dọ́ sọ̀kalẹ̀, orí máṣíìnì wà láyà rẹ̀, ó gbé e bí ọmọ. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìṣó rẹ̀ bọlé.

"Mo sọ fún Ọ̀gá," ó ní. "Ó rí ọ nínú fóònù, bí o ṣe ń pariwo pé Ìgogo ni. Ó pe gbogbo wa jọ, ó ní ṣé gbogbo wa mọ̀. Gbogbo wọn dákẹ́. Ni mo bá ní, bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló ṣe?" bàbá mi béèrè.

"Ó jókòó. Ó ní kí ló dé tí a fi jẹ́ kí òun lọ dójú ti ara òun. Mo ní ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà wá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà."

Katapílà kò wá lọ́jọ́ náà, kò sì wá mọ́. Wọn ò pa ẹ́kìsì náà rẹ́ o. Bàbá mi kú lọ́dún kẹta sí i lórí ibùsùn rẹ̀, àlhamdulilahi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lórí ìdúró. Ní ti ìbò, Ọ̀gá ni wọ́n kéde pé ó wọlé. Awakọ̀ lọ́rì ni mo dìbò fún. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà. À ń sunkún, a máa ń ríran: mo ti rí i bó ṣe jẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ fún un, torí nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló dárúkọ ọ̀nà náà. Mo ṣì máa ń rí lọ́rì rẹ̀ tó bá ń kọjá. Wọn ò tíì ṣe ọ̀nà náà. Kò tíì dé fìlà.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí. Mo rò nígbà kan pé Ọ̀gá àti awakọ̀ ni mò ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù wa ló gbé Ọ̀gá ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbọ́ agogo tó ń dún nínú ìlú bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù wa kan náà ló gbé awakọ̀ gun orí pákó, torí a ń wá ẹni tó máa bá wa yájú, kí àwa lè máa pàtẹ́wọ́ nísàlẹ̀, kí ẹnu tiwa má bàa dá sí i. Ojú tí mo rí lórí pèpéle lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ìbínú, ẹ̀rù ni. Mo ti rí irú rẹ̀ nínú dígí ara mi.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n tún wá bá mi pẹ̀lú ìdì aṣọ, ẹgbẹ́ mìíràn ni, ọ̀gá mìíràn ni, ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ sì tẹ̀lé wọn wọlé. Ọkọ̀ mẹ́ta dúró níta. Mo fi máṣíìnì sílẹ̀, mo dìde, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọjọ́ fún mi. Wọ́n sọ ọ́. Mo wo ọ̀gá náà lójú, mo ní, "Ìgogo á ti wọlé, sà. Wọn ò ní dé e." Àwọn tó tẹ̀lé e yí ojú sí ilẹ̀. Ohùn mi fọ́ bó ṣe fọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, mo sì di etí tábìlì bàbá mi mú títí ọ̀gá náà fi dáhùn.